Ẹyẹlé Ìdúpẹ́ àti Ìbọn Bàbá Jethro

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi yọ̀. Òótọ́ ni pé Ẹ̀mí bà lé mi lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, àmọ́ kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà náà. Bàbá Jethro kọ́ ló yìnbọn pa ẹyẹlé Auntie Abọ́sẹ̀dé. Èmi ni mo pa á.

Ọ̀dọ̀ Auntie ni mo ń gbé ní Thamesmead East, nílùú Òyìnbó níbí. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé, n kò lọ sí síkúùlù, n kò ní ọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá ti lọ síbi iṣẹ́ kílínà, ohùn kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́ ni ti Bàbá Jethro, ará Jàmáíkà tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Woolwich Ferry, tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa. Wọ́n á ní, “Ìyèbíyè, ṣé o ti sọ̀rọ̀ lónìí, àbí kí n yá ẹ nínú tèmi?” Màá rẹ́rìn-ín, màá sá wọlé. Wọ́n ní ìbọn afẹ́fẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń pa eku nínú ọgbà wọn. Òfin gbà wọ́n láyè, ìyẹn bí ọta kò bá ti ré kọjá fẹ́ǹsì. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń dojú ìbọn kọ.

Nígbà ooru ọdún 1992 yìí, Auntie ra ẹyẹlé funfun kan tí wọ́n máa tú sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, torí Michael ọmọ wọn tó ń dá gbé, tó dìde nínú àìsàn. Wòlíì wa ti gbàdúrà sórí ẹyẹlé náà. Auntie ní, “Ìwọ ni kó o máa bọ́ ọ o. Ohun mímọ́ ni. Tó o bá ń ṣe nǹkan oṣù, má fọwọ́ kàn án, sọ fún mi.” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, nǹkan oṣù mi dé. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá fọwọ́ kan àgò ẹyẹ náà tó wà lẹ́yìn ilé, àìsàn Michael á padà. Ni mo bá ń wò ó láti ojú fèrèsé, láìfún un lómi, láìfún un lóúnjẹ, nínú oòrùn yẹn. Òmùgọ̀ ni mí! Auntie á dé, wọ́n á ní, “Ṣé ó ti jẹun?” Màá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Títí ó fi kú.

Èyí tó burú jù nìyí. Mo na ọwọ́ gba abẹ́ fẹ́ǹsì, mo ṣa ọta kan nínú ọgbà Bàbá Jethro, mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tì í wọ àyà òkú ẹyẹ náà. Ọwọ́ tí mo ní kò mọ́ tó láti bu omi fún un ni mo fi ṣe é.

Auntie rí ọta lára ẹyẹ náà, wọ́n figbe ta, wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá bi mí bóyá ọta náà kọjá fẹ́ǹsì. Bàbá Jethro yíjú sí mi. “Sọ fún wọn, ọmọ mi. O máa ń rí mi. Orí ilẹ̀ ara mi ni mo ti ń yìnbọn, inú ilẹ̀ náà ni mò ń yìn ín sí.”

Mo ní, “Ó kọjá.”

Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn Bàbá Jethro lọ. Auntie ń pe bàbá náà ní ọ̀tá àdúrà. Láti ìgbà náà, Bàbá Jethro ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, koríko ti ga nínú ọgbà wọn, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi mọ́ láti àárọ̀ títí Auntie á fi dé.

Auntie, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ sọ ohun tó ń tì yín lójú fún àgbà kó tó di ohun tí ẹlòmíràn máa jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Jethro, torí bàbá arúgbó kan wà nínú ilé yẹn tí kò lè jáde sínú ọgbà ara rẹ̀ nítorí mi.