Ọkọ Mi Wà Nínú Reluwé Abẹ́ Ilẹ̀, Èmi Wà Nílé Opó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ti kú, wọ́n sì ti sin ín, síbẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń fi í hàn nínú sinimá kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Olówógbowó. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó ògiri. Gbogbo àdúgbò ló ti lọ wò ó. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, tí mo bímọ fún un, èmi nìkan ni mi ò tíì rí i, nítorí pé mo wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wa ní kí obìnrin fi jókòó sílé tí ọkọ rẹ̀ bá kú, mi ò sì tíì lò tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa fi eré náà hàn kẹ́yìn. Irú kí lèyí, Olúwa mi!

Káfíńtà ni ọkọ mi, bẹ́ẹ̀dì àti ìlẹ̀kùn ló máa ń kàn. Kò mutí, kò rin ìrìnkurìn, fíìmù nìkan ni fàájì tirẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí fíìmù tó fẹ́ràn tó èyí tí reluwé ń sáré lábẹ́ ilẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn wọn rárá. Gbogbo wọn ni iná máa ń kú láàárín ihò, gbogbo wọn ni ẹnì kan máa ń yọ ìbọn sí èrò, tàbí kí omi ya wọlé. Mo máa ń bi í pé, “Bàbá Sìdí, kí ló lè mú kí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ inú ilẹ̀ nígbà tí kò tíì kú?” Á bú sẹ́rìn-ín. Á ní, “Ìyá Sìdí, ìwọ ṣáà dúró wo ìparí ẹ̀, wọ́n á jáde.” Lóòótọ́, ẹnì kan kì í ṣàì jáde.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ kan wá káfíńtà wá sí àdúgbò wa. Wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù kan tó dà bíi pé reluwé ti ń gba abẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá lọ sábẹ́ ọ̀sà. Èyí tá a ní ní Màrínà, òkè ló ń gbà, kò wúlò fún wọn, ni wọ́n bá ní kí ọkọ mi fi pákó ṣe tiwọn sínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan. Ẹ wá wo ayọ̀! Ó kan ìjókòó, ó kan ìlẹ̀kùn, ó fi ọ̀dà kun igi títí ó fi jọ irin. Ibi tó ti jókòó tó ń dán àga wò, tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, ni olùdarí eré ti rí i, tó ní ojú bàbá tí àwọn ń wá gan-an nìyí. Nínú eré náà, bàbá kan wà nínú reluwé tó há sínú ihò, ó fóònù ìyàwó ẹ̀ nílé. Bàbá yẹn ò sì jáde. Nígbà tó sọ fún mi, mo faraya, mo ní kó bẹ̀ wọ́n kí bàbá náà lè jáde. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa la ti kọ́ apá tirẹ̀ nínú eré náà. Ó to bẹ́ńṣì tẹ̀ léra wọn, ó jókòó, ó gbé fóònù sétí, ó ní kí èmi wà ní yàrá kí n ṣe ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò pọ̀: “Mo wà lọ́nà. Má ti ìlẹ̀kùn.” Wọn ò ní gbọ́ ohùn ìyàwó nínú eré náà, mo wá ní ṣé kí n kàn dákẹ́ ni? Ó ní, “Rárá o, dá mi lóhùn, kí n lè mọ bí mo ṣe máa dúró pẹ́ tó.” Ni mo bá ń dáhùn láti yàrá pé, “A ò ní tì í. Oúnjẹ yín wà nílẹ̀.” Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ará ilé á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ya eré náà tán ni ara ìyá mi ò yá ní Ìjẹ̀bú. Ọkọ mi sìn mí dé Ọbáléńdé, ó dúró títí ọkọ̀ fi gbéra. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pè mí pé ó ṣubú níbi tó ti ń rẹ́ pákó, pé kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró dè mí, ẹ jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.” Wọ́n ní àwa Mùsùlùmí kì í dá òkú dúró. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n gbé e lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé, àwọn èèyàn ti ń bá mi kẹ́dùn lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bínú sí Alhaji, ohun tí ẹ̀sìn wí ni wọ́n ṣe. Ẹ dákun, irọ́ ni mo ń pa, mo bínú sí wọn, inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Fọ́tò ẹ̀ wà lára ògiri, àmọ́ fọ́tò ò lè sọ̀rọ̀. Sìdí, ọmọ wa, lọ wo fíìmù náà, ó yọ fóònù pé òun á ká a sílẹ̀ fún mi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kó yáa fi í pamọ́. Ó bẹ olùdarí, ìyẹn ní àwọn tó náwó sí i ò gbà. Wọ́n ní ó lè pẹ́ kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n, ó sì lè má dé ibẹ̀ rárá. Ni mo bá tọ Alhaji lọ lórí ìkúnlẹ̀.

“Sinimá kẹ̀! Nínú opó! Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé báyìí? Bàbá yẹn kú nínú fíìmù yẹn o. Ṣé òkú ẹ lo fẹ́ lọ wò?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò rí ti àkọ́kọ́.”

Wọ́n dìde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ pé tí mo bá dán an wò, àwọn ò ní tẹsẹ̀ bọ yàrá mi mọ́. Àáfà àdúgbò ní tó bá jẹ́ ọ̀ranyàn, obìnrin lè jáde lọ́sàn-án, kó tètè padà. Mo bi wọ́n bóyá tèmi yìí jẹ́ ọ̀ranyàn. Wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà sí i.

Ǹ bá ti gba kádàrá o, ká ní Sìdí ò sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún mi. Ó ní, “Màámi, iná kú nínú reluwé, gbogbo èrò ń pariwo. Dádì wá gbé fóònù sétí. Wọ́n ní, ‘Mo wà lọ́nà. Má ti ìlẹ̀kùn.’ Wọ́n wá dákẹ́. Ó pẹ́ gan-an, Màámi, gbogbo sinimá pa lọ́lọ́. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́, bíi pé ẹnì kan ń dá wọn lóhùn.”

Híjáàbù mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, mo ti ká a, mo ti tún un tú. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni ìgbẹ̀yìn. Tí mo bá lọ, mo sọ ẹbí ọkọ mi nù, wọ́n á sì máa sọ kiri Ìsàlẹ̀ Èkó pé mi ò lè ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi tán. Tí mi ò bá lọ, á sọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀, á dákẹ́, á máa dúró dè mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé kí n lọ dá a lóhùn?