Ẹsẹ Orin Tí Mo Dá ní Ọjà Wapeli

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé àyà mi kò ní gbé mi dé ìkórè tó ń bọ̀. Èmi Tindiwi, ọmọ Kaimbo, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó mọ̀wé, ẹ má wo bí lẹ́tà ṣe rí. Kí wọ́n kà á níwájú àwọn ará Yarapu, ìdílé tí a bá jagun.

Gbogbo yín mọ̀ pé àwọn ọkùnrin wa já wọ oko Yarapu, wọ́n sì pa obìnrin mẹ́ta àti arúgbó kan tí wọ́n ń wa ọ̀dùnkún. Lọ́jọ́ kejì a tò sí ọjà Wapeli, a kunjú, a ń jó, a ń kọrin ayọ̀. Èmi ni mo ń dárin, àwọn yòókù ń gbè é.

Dorka, ìyàwó àbúrò mi, kò sí níbẹ̀. Ọmọ Yarapu ni. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá lọ́kọ sí ìdílé ọ̀tá lè rìn láàárín ilé ọkọ àti ilé bàbá rẹ̀ nígbà ogun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ijó náà ó yà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àpò oúnjẹ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ fún. Ìyá mi àtàwọn ọmọdé wà nínú ihò àpáta Tombe. Bí ara mi ò bá yá lọ́la, ẹ bá mi gbé oúnjẹ lọ.” Mo ní, “Máa lọ, ìyàwó wa. Inú mi kì í ṣe ajere.”

Ẹni tó ń dárin níbí kò gbọdọ̀ tún ẹsẹ kan dá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Bí ó bá tún un dá, ipò rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Nígbà tí oòrùn kàn wá látàrí, ẹsẹ tán lẹ́nu mi. Wambe, ẹni tí ipò mi ń wọ̀ lójú, pariwo láti ẹ̀yìn: “Ìyá àgbà, ṣé egungun há yín lọ́fun ni? Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká rí nǹkan gbè!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo sá fún. Mo dá a lórin pé àwọn tó kù ń gbọ̀n nínú ihò Tombe bí eku tí òjò pa. Ọjà hó yèè. Mo rí ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n dìde, wọn kò rẹ́rìn-ín, wọ́n mú àdá. Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ mìíràn.

Ẹni méje ni wọ́n pa ní Tombe. Ìyá Dorka wà nínú wọn.

Nígbà tí adájọ́ ìjọba dé láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo sọ fún un pé, “Òfin fún wa lẹ́nu láti kọ orin tó wù wá. Orin ni mo kọ, n kò gbé àdá.” Ó ní, “Màmá, òótọ́ ni. Ayọ̀ yín rùn, ṣùgbọ́n n kò lè ti èèyàn mọ́lé torí pé ayọ̀ rẹ̀ rùn. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, àbí ẹ kàn dárúkọ ibẹ̀ ni?”

Mo ní, “N kò mọ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ ni kí ẹ bi.”

Dorka figbe ta: “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin ni mo sọ fún!”

“Èmi kẹ̀? Nígbà wo?”

Kò ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n gba tèmi gbọ́, wọ́n ní Dorka ló tú àṣírí ihò náà fún àwọn ọkùnrin wa, nítorí pé òun nìkan ló ń rin ọ̀nà méjèèjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ta ìyá wọn, wọ́n lé e kúrò níbi òkú. Àbúrò mi náà lé e. Ilé ìjọ ló ń gbé títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya ijó yín lórí òkú aláìṣẹ̀, tí ẹ ń sọ pé òfin fún yín lẹ́nu, òótọ́ lẹ sọ. Òfin kò jẹ̀bi. Èmi ni mo sá sábẹ́ rẹ̀, mo sì purọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Yarapu, mo bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè forí jì mí, ẹ̀tọ́ yín ni. Dorka kò ta ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó wọ ilé bàbá rẹ̀, kí ó sunkún ìyá rẹ̀.