Àwọn Àwòrán Tí Mo Kó Kúrò Lórí Tábìlì Adájọ́

Kí ẹlòmíràn tó sọ ìdajì rẹ̀ fún yín, ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀rọ tí ó wo ọmú àbúrò mi tí ó ní kò séwu kò jẹ̀bi. Èmi tí mo kọ́ ọ ni mo jẹ̀bi. Ọ̀gá wa ní kí n pa ẹnu mọ́, n kò sì ní pa á mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kíkó àwòrán ọmú fún kọ̀ǹpútà, kí ó lè fi kọ́ bí a ti ń dá jẹjẹrẹ mọ̀. Dókítà méjì a kọ́kọ́ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, àwòrán náà a lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà kan tí a ń pè ní Adájọ́. Ìyá yìí kì í kánjú. "Èyí tó bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín dókítà méjì, òun lẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀," ló máa ń wí. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdánwò ẹ̀rọ kù sí dẹ̀dẹ̀, irinwó àwòrán ó lé méjìlá ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́bìnrin, tí ẹran ọmú wọn ki, tí gbogbo rẹ̀ funfun nínú àwòrán bíi jẹjẹrẹ gan-an. Mo kó wọn kúrò nínú ẹ̀kọ́, mo kó wọn kúrò nínú ìdánwò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò hàn dáadáa. Irọ́ gbuu ni. Wọ́n hàn, wọ́n kàn le ni. Ẹ̀rọ gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Àbúrò mi obìnrin, télọ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹran ọmú tirẹ̀ náà ki. Ó fọwọ́ ba kókó kan lọ́mú rẹ̀, mo mú un lọ síwájú ẹ̀rọ mi. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Àǹtí mi, ó ṣì wà níbẹ̀ o." Mo ní, "Ṣé ìwọ wá mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ ni?" Ẹ gbọ́ ẹnu burúkú. Gbólóhùn yẹn ni mo fi gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Adájọ́ fi máa rí i, jẹjẹrẹ náà ti dé abíyá.

Ọ̀gá ní kí a di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ta ni kò kọ́ ẹ̀rọ náà?

Mo jẹ́wọ́ fún àbúrò mi. Kò sunkún. Ó ní, "Àwọn obìnrin yòókù ńkọ́? Fi àwòrán tèmi kún tiwọn." Láàárọ̀ yìí mo dá gbogbo àwòrán náà padà sínú ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, tirẹ̀ ṣe ìkẹtàlá lé ní irinwó. Ẹ̀rọ ti já wálẹ̀ sí mọ́kànlélọ́gọ́rin. Kí ọ̀gá lé mi bó bá wù ú.

N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, àbúrò mi tó ni ín kò tíì fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa jókòó sí àga mi lọ́la, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kó àwòrán kan kúrò, ẹ bi í léèrè: àbúrò ta ni?