Erìgì Ọmọ àti Ọsàn

Sálúbàtà mi já l'Ọjà Ọba, mo bá di ẹlẹ́sẹ̀ kan wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìjàpọ̀. Obìnrin méjì fi mí sáàárín, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gba àyà mi kọjá.

"Erìgì ọmọ mi tó dúdú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ti ń padà pọ́n o!"

"Irọ́! Kí lo lò?"

"Ọsàn! Mo rò pé àgbálùmọ̀ tó ń jẹ ló kùn ún, mo bá fòfin de gbogbo èso, ó ku ẹ̀kọ lásán. Nọ́ọ̀sì ní fítámì inú èso gan-an ni kò sí lára ẹ̀."

"Háà! Oògùn lò ń lé jáde nílé!"

Èmi oníwèé mẹ́fà, mo ya ẹnu sí díńgí dẹ́rẹ́bà, mò ń wo erìgì tèmi. Ìyá ọmọ náà fi ọsàn kan lé mi lọ́wọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu èyí. Ṣùgbọ́n ẹ panu dé, kí dẹ́rẹ́bà ráyè wo ẹ̀yìn."