Àga Ọmọ Tuntun àti Itan Ìyá Àgbà

Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Ìkọ̀lé ni mo ti gbọ́ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọsibítù Ìdó, tí wọ́n ń jiyàn lórí àga ọmọdé tí wọ́n ń so mọ́ inú mọ́tò.

"Gbogbo ọmọ ilé wa, orí itan ìyá bàbá wọn ni wọ́n máa ń wà bọ̀ láti ọsibítù. Kí ló wá ṣe itan tèmi?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Lánàá, ta ló sùn nínú mọ́tò tí kúlà oúnjẹ fi já bọ́ kúrò lórí itan rẹ̀?"

"Ṣé kúlà ni ọmọ-ọmọ mi ni?"

"Kòtò ọ̀nà Ìdó yẹn ò mọ ìyàtọ̀, Màámi."

Ìyá fa bẹ́líìtì àga náà títí, kò já. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Rà á. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ulé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bẹ́líìtì yìí. Èmi ni n ó tú ọmọ mi, èmi ni n ó gbé e wọlé."