Mo Ní Oògùn Náà Pa Kòkòrò, Irọ́ Ni Mo Pa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi kí ẹ tó gbọ́ tẹnu mi. Ẹrù yìí ti wọ̀ mí lọ́rùn. Èmi ni mo ń ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti di ẹ̀bi mi ru ìyá arúgbó kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún ọmọ rẹ̀, Sìkírátù, kó tó bímọ. Ọmọ tuntun náà yè. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan tó jọ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú wọ inú ẹ̀jẹ̀ Sìkírátù níbi tí wọ́n ti ń fa omi sí i lára. Wọ́ọ̀dù wa ló ti kó o, kì í ṣe ilé. Kòkòrò náà lágídí, oògùn tí à ń lò tẹ́lẹ̀ kò ràn án mọ́.

Dókítà ní kí n dán oògùn méjì mìíràn wò. Mo gbin kòkòrò náà sínú àwọn àwo, mo fi oògùn sí i. Mo fi àwo kan sílẹ̀ láìfi oògùn sí i, kí n lè mọ̀ bóyá kòkòrò náà ń hù. Mo kó wọn sínú àpótí tó ń mú wọn móoru. Mo wá jáde lọ mú ọmọ mi níléèwé, mo sì jókòó ti ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ wọ̀ wá lára. Iná lọ lẹ́yìn mi. Èmi ló yẹ kí n ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo fi dé, àpótí ti tutù.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ohun tó hù nínú àwo kankan, títí kan èyí tí kò ní oògùn. Àyẹ̀wò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí màá sọ ni Dókítà wọlé.

"Ìyá Fúnṣọ́, ara obìnrin yẹn ń gbóná bí iná. Èwo ló pa kòkòrò yìí?"

Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á béèrè ibi tí mo lọ. Mo ní, "Ti àkọ́kọ́ ni, sà."

"Ẹ ṣeun o." Wọ́n sáré jáde.

Mo tún àyẹ̀wò náà ṣe ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ti bo àwo oògùn àkọ́kọ́ pátápátá. Ìkejì ló pa á. Mo gbéra, ó di wọ́ọ̀dù. Mo bá Dókítà níbi tí wọ́n ti ń yìn mí lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Mo gbé òtítọ́ náà mì. Mo padà.

Sìkírátù kú.

Nígbà tí kòkòrò yẹn tún mú obìnrin mìíràn ní wọ́ọ̀dù kan náà, mo ní oògùn kejì ni kí wọ́n lò. Mo parọ́ fún Dókítà pé kòkòrò náà ló yíwà padà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni obìnrin yẹn fi rìn lọ sílé. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, Ìyá Sìkírátù wá bá mi láti Ìtòrí, torí ó gbọ́ pé èmi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ wò. Àwọn àna rẹ̀ ní Papalantó ní òun ló fi ìrọbí ọmọ rẹ̀ falẹ̀ nílé, pé òun ló pa á. Wọn kò jẹ́ kó fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, torí Ọlọ́hun, ṣé èmi ni mo pa Sìkírátù?"

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá." Ó sunkún lọ.

N kò lè búra pé oògùn kejì ì bá gbà á là. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló pa á. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yẹn á dàgbà, á sì kórìíra ìyá tó bí ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, Dókítà ni àbí Papalantó? Ẹ má pẹ́ dá mi lóhùn. Ìyá náà ní òun ń padà bọ̀ wá gbọ́ ìdáhùn òun.