Omi Atalẹ̀ Tí Kò Pọ́n

Ẹ̀yin ará, ó rẹ̀ mí kí n tó sùn, ó sì tún rẹ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo jí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alàgbà wa, tó ń ta omi atalẹ̀ aláìníṣúgà fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, fẹ́ kí n jẹ́rìí sí i. Mo bu omi náà sínú túùbù, mo da oògùn tí a fi ń wá gúlúkóòsì sí i: bí ṣúgà bá wà níbẹ̀, yóò pọ́n. Alàgbà gbé ọwọ́ lé túùbù náà.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà kó má pọ́n."

A gbàdúrà. Kò pọ́n. Ó ké halelúyà, ó ní òun ń padà bọ̀ wá gba ìwé ẹ̀rí tí mo bá ti fọwọ́ sí i. Mo gbé orí lé tábìlì, oorun gbé mi lọ.

Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun fà mí dìde. Mo rò pé ọ̀gá wa ni, àmọ́ kò bú mi, mo wá mọ̀ pé áńgẹ́lì ni.

Ó mú mi gba ọ̀run àpáàdì kọjá. Àwọn òpùrọ́ ń lá irin gbígbóná, àwọn alágbèrè ń sá fún ara wọn nínú iná. Ó ń tọ́ka sí wọn bí ẹni tí iṣẹ́ náà ti sú. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ooru kọ lù mí, mo sì rí àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n wọ aṣọ oyè wọn nínú ooru náà, oníkálukú gbé túùbù sókè, wọn ò lè gbé e sílẹ̀, wọn ò lè ṣẹ́jú, wọ́n ń ké pé ó ti ń pọ́n, ó ti ń pọ́n, kò sì pọ́n, kò sì ní pọ́n láéláé.

Olùkọ́ mi tó ti kú wà níbẹ̀. "Káyọ̀dé, ojú tìrẹ ṣì dáa. Bá mi wò ó, ó ti pọ́n díẹ̀, àbí?"

"Rárá, sà."

"Olódo! Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe wà ní kíláàsì."

Mo bi áńgẹ́lì pé kí ni wọ́n ṣe. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú kí oògùn yẹn pọ́n, òtútù ló ń gbé e ró. Wọ́n mú iná lọ, fíríìjì gbóná, ó kú. Òkú oògùn kì í pọ́n, bí ẹ tilẹ̀ da omi ìrèké sí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ò kọ́kọ́ fi omi ṣúgà dán an wò. Wọ́n ní kò sí ṣúgà, àwọn èèyàn sì gbà wọ́n gbọ́."

Ó wá mú mi dé ibi ìsinmi. Àwọn olóòótọ́ jókòó lábẹ́ ibòji, kò sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Àga kan ṣófo. Orúkọ ìyá mi wà lára rẹ̀.

"Ìyá mi ò tíì kú!"

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Ṣebí omi atalẹ̀ yẹn ló ń mu?"

Mo jí. Mo fọwọ́ kan inú fíríìjì: ó gbóná. Mo da oògùn wa sínú omi ṣúgà tí mo pò fúnra mi. Kò pọ́n. Mo pe ìyá mi.

"Màmá, ẹ má mu omi atalẹ̀ yẹn mọ́."

"Ó dùn ju oyin lọ, ọmọ mi, ó sì ti ń ṣe mí ní kàyéfì. Ṣé kí n wá torí ahọ́n mi pe Alàgbà ní òpùrọ́ ni?"

Mo lọ tọrọ oògùn tuntun. Nínú omi ṣúgà, ó pọ́n. Nínú omi atalẹ̀, ó pọ́n bí ata. N kò fọwọ́ sí ìwé kankan.

Alàgbà, ẹ jókòó, n kò tíì parí. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ da èyí tó kù nílé yín nù lónìí. Ẹ̀yin tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àárọ̀, ṣúgà ló ń fà á, ẹ dìde, ọsibítù ni ká máa lọ báyìí. Ìsìn lè dúró dè wá.

Màmá, ẹ ṣáájú.